Fáyólììnì Kì Í Ṣe Ti Oníkan Nìkan

Wọ́n ti bi wá léèrè títí ó fi sú wa: kí ni ará Ìwó ń wá lọ sí Oníkan? Ará ilé ń bi wá, ará Èkó náà ń bi wá, a kò sì mọ èyí tó ń dùn wá jù nínú méjèèjì. Ará ilé á ní, "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ṣé ẹ kò rí ohun gidi fowó ṣe ni? Kí ẹ wọkọ̀ ní Odò-Orí láàárọ̀ kùtù, kí ẹ gba Ìbàdàn kọjá, kí ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń fi ọ̀pá họ okùn lára igi?" Ará Èkó kì í sọ tirẹ̀ jáde. Ẹ̀rín ló máa ń rín. Á ní, "Ẹ̀yin ará òkè náà ti ń gbọ́ Beethoven!" Ó rò pé òun ń yìn wá ni.

Kí a tó fèsì, ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹni tí a jẹ́. A kò pọ̀. A kì í ju mẹ́sàn-án lọ, nígbà mìíràn a kì í pé márùn-ún. Tíṣà méjì wà nínú wa, télọ̀ kan, ìyá kan tó ń ta aṣọ nínú ọjà, ọmọ aáfà kan tí bàbá rẹ̀ ní ilé-kéwú ní Gidìgbó, àti ọmọ Àyàn kan tó jẹ́ pé ìdí ìyáàlù ni wọ́n bí i sí. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, bí ó ti rí nílùú Ìwó fúnra rẹ̀, àwọn Onítẹ̀bọmi díẹ̀ sì wà. Tí a bá ti gbọ́ pé ọ̀kẹ́sírà MUSON fẹ́ ṣeré, a ó dá owó jọ, a ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò bá wa san kọ́bọ̀. Ọ̀nà náà ju 150 kìlómítà lọ, owó mọ́tò wa sì máa ń ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. A kò lè padà wálé lóru lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nítorí náà ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la máa ń sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Mushin àti ní Agége. Ẹni tó bá fara da èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè ní ojúmìító ni. Ẹni tó bá fara dà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, nǹkan kan ló ń wá.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, MUSON ni ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà Èkó kan dá sílẹ̀ nítorí orin lọ́dún 1983. Akíntọ́lá Williams, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí aṣírò-owó àgbà, wà lára wọn, Olóyè Ayọ̀ Rósìjí náà wà níbẹ̀. (Williams pé ọdún 104 kó tó jáde láyé lọ́dún 2023. Ẹni tó bá ní orin kì í jẹ́ kéèyàn dàgbà, kó lọ gbọ́ ti ìyẹn.) Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí Oníkan, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ lọ́dún 1989, ọ̀kẹ́sírà náà sì tara rẹ̀ jáde. Àwọn tó jókòó sórí ìtàgé náà kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ wa ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí MTN ń ṣagbátẹrù rẹ̀ ni wọ́n fi kàwé. Orúkọ Shell wà lára gbọ̀ngàn kan níbẹ̀, orúkọ Agip wà lára èkejì. A kò bá wọn jà sí ìyẹn. Ẹni tó fowó sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri.

Ẹ wá jẹ́ ká kọjú sí ará ilé ná. Ó ní orin òyìnbó ni, tó bá sì ti rí i pé a kò dáhùn, á fi kún un pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Fáyólììnì kò já bọ́ láti ọ̀run òyìnbó. Àwọn Lárúbáwá ní ohun-èlò kan tí wọ́n ń pè ní rebab, tí wọ́n máa ń fi ọrun ta okùn rẹ̀. Ó gba Sípéènì wọ ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n tún un ṣe níbẹ̀ títí ó fi di rebec, nígbà tó sì yá, àwọn ọlọ́nà ilẹ̀ Ítálì sọ ọ́ di fáyólììnì. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni goge tó wà lọ́wọ́ àwọn Haúsá, tí àwa gbà lọ́wọ́ wọn tí a pè ní gòjé. Irun ẹṣin ni wọ́n fi ń ta gòjé, irun ẹṣin náà ni wọ́n fi ń ta fáyólììnì. Ẹni tó bá ti gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí, Bàbá Légbá, rí, tó ń kọ sákárà tí gòjé sì ń ké tẹ̀lé e bí ọmọ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn lọ sọ́jà, ẹni náà kò lẹ́nu láti sọ pé ohùn tó ń jáde lórí ìtàgé Oníkan ṣàjèjì sí òun. Ó kàn jẹ́ pé Oníkan ní ọ̀pọ̀ gòjé tó jọ ń ké pọ̀ ni.

Ìlù wọn ńkọ́? Ìlù ńlá tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lù àti aro tí wọ́n ń gbá pọ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Túríkì ni Yúróòpù ti rí méjèèjì. Àwọn Mùsùlùmí wọ̀nyẹn máa ń lu ìlù lọ sógun, ẹ̀rù rẹ̀ ba òyìnbó, lẹ́yìn náà ó dùn mọ́ ọn létí. Mozart fi í sínú eré rẹ̀ kan lọ́dún 1782. Haydn fi í sínú símfónì. Nígbà tí Beethoven fẹ́ parí Símfónì Kẹsàn-án rẹ̀ lọ́dún 1824, èyí tí gbogbo ayé ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ títí dòní, ìlù àwọn Túríkì yìí náà ló gbé dìde. Ó tó báyìí, ẹ̀yin ará Ìwó wa! Ìlú aáfà ni wá, ìlú mọ́ṣáláṣí. Nínú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwa gan-an ni kò yẹ kó sọ pé ohun tí ọwọ́ Mùsùlùmí ti wọ̀ tó báyìí kò kàn wá.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì, a kò jiyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ní orin tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣebí ilé-kéwú ló kọ́ àwọn mìíràn nínú wọn ní ìwé kíkà, wọ́n sì fi ìwé náà ṣe òwò, wọ́n fi kọ lẹ́tà, wọ́n fi kọ ìtàn ìlú. Ibi tí nǹkan gbà wọlé kọ́ ni yóò máa gbé títí ayé.

Kì í sì í ṣe àná ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó gbọ́ irú orin yìí. Kí ọdún 1900 tó dé ni àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ti ń ṣe kọ́ńsáàtì l'Ékòó, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí ìwé ìròyìn sì ń sọ ẹni tó kọ ọ́ dáadáa àti ẹni tó ba orin jẹ́. Herbert Macaulay tí a ń kà nípa rẹ̀ pé ó bá ìjọba gẹ̀ẹ́sì wọ̀yá ìjà, fáyólììnì wà nílé rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ta. Ẹ ò rí i pé èèyàn lè bá òyìnbó jà kó má sì fi fáyólììnì lé òyìnbó lọ́wọ́!

A fẹ́ dúró díẹ̀ sórí Fẹlá Ṣówándé, nítorí pé tí a bá dárúkọ rẹ̀ ní Ìwó, Fẹlá kejì ni wọ́n ń rò. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1905. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ dùùrù lọ́dọ̀ T. K. E. Phillips ní Kàtídírà ti Marina, ó wá gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní nǹkan bí 1934. Ní Lọ́ńdọ̀nù yìí, ó ń tẹ dùùrù jáàsì nílé fàájì lálẹ́, ó sì ń kàwé orin tó ga jù lọ́sàn-án, títí tó fi gba ìwé-ẹ̀rí tí àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn, FRCO, lọ́dún 1943. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ African Suite, apá márùn-ún, fún àwọn olókùn. Apá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, Akinla, ni ètò rédíò kan ní Kánádà, Gilmour's Albums, fi ṣe orin ìṣíde. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1956, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1997. Ẹ rò ó wò. Àgbẹ̀ kan ní Kánádà ń mu kọfí láàárọ̀, orin ọmọ Abẹ́òkúta ló ń gbọ́, kò sì rò pé òun ń gbọ́ orin àjèjì. Ọmọ Ìwó tó ti ka ìwé dé yunifásítì kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira lọ́dún 1960, Ṣówándé kọ Folk Symphony fún un. Ibo ló kú sí? Ohio ni, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1987.

Ayọ̀ Bánkọ́lé tẹ̀ lé e, ọmọ tí wọ́n bí ní Jọs lọ́dún 1935, tó kàwé dé Cambridge. Lọ́dún 1970 ó kọ Ọnà Àrà, ó kó akọrin, dùùrù ńlá àti àwọn ohun-èlò Yorùbá sójú kan náà. Wọ́n pa á lọ́dún 1976, kò tíì pé ọdún méjìlélógójì. Akin Euba, ojúgbà rẹ̀, pẹ́ jù ú lọ. Òun ló kọ ìwé ńlá lórí dùndún, òun ló sì ń kọ́ dùùrù aláwo funfun àti dúdú náà láti máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Pittsburgh ni Euba wà títí tó fi lọ lọ́dún 2020. Ẹ máa fọkàn bá wa lọ o. Orin òyìnbó kọ́ là ń sọ mọ́. Òkú tiwa là ń sọ.

Ìdí rèé tí a fi ń wọkọ̀. Kò sí ibòmíràn nítòsí tí a ti lè jókòó kí irú orin Ṣówándé fẹ̀ síwájú wa pẹ̀lú ẹran ara àti èémí. Fóònù ń gbé e, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ dùndún nínú fóònù, tí kò dúró níwájú ìyáàlù rí kí àyà rẹ̀ máa lù tẹ̀ lé e, ẹ sọ fún wa, kí ni ẹni náà gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ọmọ Àyàn wa sọ nígbà àkọ́kọ́ tó bá wa lọ. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè sí ilé ẹjọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára olùdarí. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ọ̀gá wọn yẹn, kò lu nǹkan kan, kò fun nǹkan kan, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún. Kò lè ṣẹlẹ̀ lágbo tiwa láéláé." A rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn sẹ́lò yẹn, ohùn kẹríkẹrì ni. Ó ní àwọn ìlù abàbà méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá, gúdúgúdú tó jẹun yó ni. Ó ní wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn, pé èyí wu òun, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń gbá omele kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ títí a fi dé Obáléńdé. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀. Gbogbo ohùn yẹn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ."

A ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ tí Phillips, ọ̀gá Ṣówándé, kọ sínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music lọ́dún 1953 náà ni, bí a bá yọ gèésì kúrò lára rẹ̀: ohùn ni èdè wa, ẹni tó bá sì fi orin tẹ ohùn mọ́lẹ̀ ti pa ọ̀rọ̀. Ọkọ ni, ọkọ́ ni, ọkọ̀ ni, ọ̀kọ̀ ni. Ẹ bu orin àjèjì lé e lórí, kí obìnrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ wá di ẹni tó ń pe ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko. Gbogbo wa la ti kọ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, tí a sì ṣe bí ẹni pé ó yé wa. Ohun tí àwọn àgbà olórin wọ̀nyẹn ń lépa ni pé kí ọ̀pọ̀ olókùn lè pe èèyàn lórúkọ kó sì dáhùn. Èyí kò ṣe é ṣe ní Vienna. Ó ṣe é ṣe níbi tí ẹni tó ń ta okùn àti ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ti jọ gbọ́ èdè kan náà. Ìyẹn ni pé ó ṣe é ṣe níhìn-ín.

Ó wá kan ará Èkó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé bàbá yín ló bí Mozart, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi yín ṣe ọlọ́pàá àtẹ́wọ́? Nínú gbọ̀ngàn kan tí a kò ní dárúkọ, ìyá alásọ wa gbọ́ apá àkọ́kọ́ símfónì kan parí, ó dùn mọ́ ọn, ó pàtẹ́wọ́, ó sì ní, "Ẹ káre o!" Ọkùnrin kan níwájú yíjú padà bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Obìnrin kan pòṣé. Nígbà tó ṣe, ọmọdékùnrin kan tó wọ tai wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá wa létí, ó ní, "Madam, we don't clap until the end." Ọmọ tó lè bí! Ó sì sọ ọ́ ní gèésì.

"We", ta ni? Lọ́dún 1778, Mozart kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Paris nípa símfónì tuntun kan tó kọ. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi ibì kan sáàárín apá àkọ́kọ́ tó dá òun lójú pé yóò wọ àwọn èèyàn lára, àwọn èèyàn sì bú sí àtẹ́wọ́ níbẹ̀ gan-an, kí apá náà tó parí rárá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé nígbà tí eré parí ó lọ jẹ áísíkiriìmù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Símfónì Keje Beethoven ní Vienna lọ́dún 1813, àwọn èèyàn pariwo títí wọ́n fi tún apá kejì rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó lọ sí ìkẹta. Àwọn tó ni nǹkan ń pàtẹ́wọ́ sáàárín orin, ẹni tó yá a lò ń pòṣé! Ìdákẹ́jẹ́ òkú yìí, ẹ̀yìn ikú Mozart ló dé. Àwọn òyìnbó kan ló mú un wá nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín ara wọn àti àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin náà ń lò ó fún iṣẹ́ kan náà.

Nílẹ̀ yìí, tí akéwì bá ń kéwì tí kò sí ẹni tó dáhùn, á rò pé wọn kò gbọ́ òun ni. Tí ìyáàlù bá pe ènìyàn tí ẹni náà jókòó gan-an bí ère, àbùkù ló fi kan onílù. A kò ní kí ẹnikẹ́ni wá ná owó mọ́ olùdarí níwájú orí o. A kò ní kí fóònù máa ké, kí ọmọ máa sunkún, kí wọ́n máa gbé mọ́ín-mọ́ín kiri láàárín àga. A mọ ibi tí orin ti lọ sílẹ̀ tó jẹ́ pé èémí lásán yóò bà á jẹ́, a sì máa ń dákẹ́ níbẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ wa. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ìyá tó wá láti Ìwó lè sọ pé ó káre nígbà tó bá káre.

Ẹ tún wo títì Oníkan yẹn fúnra rẹ̀. Ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀. Ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle pè náà wà níbẹ̀, ilé tó rẹwà gan-an ni, a ti wọ inú rẹ̀. Yorùbá wà ní òdìkejì títì, fáyólììnì wà ní òdìkejì keji, mọ́tò ń kọjá láàárín. A máa ń dúró síbẹ̀ ká máa wò wọ́n. Nínú ilé kan wọ́n fi ìlù sínú gíláàsì, nínú ilé kejì wọ́n fi ìwé ètò lé wa lọ́wọ́ láìsí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan níbẹ̀ àfi orúkọ àwọn òṣèré. Ta ló pín in bẹ́ẹ̀? Ṣówándé kò pín in. Bánkọ́lé kò pín in. Ìlú tó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń ta ata níbẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí orin ń sọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ gèésì? Ewé kan péré ni, àpilẹ̀kọ ojú ewé kan ní Yorùbá, lẹ́yìn ìwé ètò. A lè bá wọn kọ ọ́. Tíṣà wà nínú wa.

A mọ̀ pé MUSON ń gbìyànjú. Wọ́n ń lu orin ọmọ Nàìjíríà, ó sì máa ń dùn mọ́ wa nígbà tí wọ́n bá lù ú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè ru gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sórí, kò sì yẹ kí a máa dá ẹ̀bi fún ẹni tó ṣe díẹ̀ nígbà tí ẹni tí kò ṣe rárá jókòó tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ìbínú wa tó pọ̀ jù kò sí l'Ékòó.

Ó wà nílé. Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó, wọ́n sì ń kọ́ni lórin níbẹ̀. Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, òyìnbó ajíhìnrere ni, òun ló sì kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde lọ́dún 1858, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa kò lè bá wa sọ nǹkan kan. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ náà ní ẹ̀ka orin, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tó mọ ìwé orin kà ń jáde. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹni tó bá ráàyè lọ sí òkè òkun, á lọ. Ẹni tí kò bá ráàyè, á gbé fáyólììnì lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n á ní kó ta orin tó gbajúmọ̀ lórí TikTok nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé, wọ́n á sì fún un ní jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ike.

Lápá kejì ìlú kan náà, àwọn ọmọ Àyàn wà. Bàbá wọn lè fi ìyáàlù sọ ìtàn Ọlúwòó kan sí òmíràn láìdánu dúró. Àwọn ọmọ ń gun ọ̀kadà. Wọn kò sọ pé àwọn kórìíra ìlù. Wọ́n ní ìlù kò bọ́ àwọn. Ọmọ tó mọ ìwé orin kà kò gbọ́ ohùn ìlù, ọmọ tó gbọ́ ohùn ìlù kò mọ ìwé orin kà, ààrin àwọn méjèèjì kò sì ju ìrìn ọ̀kadà kan lọ. Bánkọ́lé ti kó wọn sójú kan láti 1970! Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ. Kí la ń dúró dè? Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè sọ pé òun kò lówó nígbà tí àwọn olórin fújì ń kọrin níbi ìpolongo ìbò tí owó ń fò lókè bí eṣú. A fẹ́ràn fújì o, kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́. Owó tí wọ́n ń ná sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan là ń wò.

Ẹni kan sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà tó dáa ló ṣe kókó, pé ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ símfónì. Irọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa ló ń jó jù nílẹ̀ yìí. Ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn, a mọ ihò inú rẹ̀ ju àwọn tó ń ṣe ìlérí rẹ̀ lọ, nítorí orin yìí la ṣe ń gbà á. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n gba owó ọ̀nà fi ra fáyólììnì.

Ohun tí à ń bèèrè kò le. African Suite Ṣówándé, olókùn nìkan ló kọ ọ́ fún. Kò nílò fèrè, kò nílò kàkàkí, kò nílò ìlù abàbà. Ogún olókùn tó o. Bọ́ọ̀sì Coaster kan á gbé wọn láti Oníkan dé Ìwó, àyè á sì tún ṣẹ́ kù. Kò dandan kó jẹ́ gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Pápá ilé-ìwé á tó, iwájú ààfin á tó, àga kò wọ́n wa. Kí àwọn ọmọ Bowen jókòó tì wọ́n. Kí agbo dùndún kan kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀, kí ọmọ Àyàn wa sì jókòó síwájú kó gbọ́ bóyá wọ́n máa pe ẹnìkan lórúkọ lọ́tẹ̀ yìí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a ti sùn ní Mushin, bẹ́ẹ̀dì la ó fi san án padà. Àmàlà wà, ìrẹsì wà fún ẹni tí kò bá jẹ àmàlà. Wọ́n ní dọ́bù-béèsì ga ju èèyàn lọ, pé kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Télọ̀ wa ti mú téèpù, ó ti wọn Coaster kan ní gáréèjì láti ẹnu ọ̀nà dé àga ẹ̀yìn. Ó ní tí wọ́n bá tú àga kan ṣoṣo, yóò wọlé.